Ìyá Inú Géèmù àti Ìdérí Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Yí

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀la ni àwọn apẹja erékùṣù wa máa da ìgèrè sómi, bí afẹ́fẹ́ bá gbà fún wọn. Ìgèrè lọ́bísítà, edé ńlá inú òkun, kún ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi Wendell ọkọ mi débi pé ó dà bí ilé tó fẹ́ wó. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọlé láti àárọ̀, ó mu tíì lórí ìdúró, ó fẹnu kàn mí létí, ó tún jáde. Oṣù kẹta ìgbéyàwó wa rèé, ojú ṣì ń tì mí bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá kò ríran mọ́.

Lọ́sàn-án, Àǹtí Glenda, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pè láti Halifax. Wendell gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Bàbá, Sátidé tó bá tẹ̀lé ọdún tuntun ni mò ń bọ̀," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ṣì bá yín lórí àga yẹn, tí ẹ kọjú sí ògiri, tí ẹ ò jẹun, mò ń mú yín lọ nìyẹn. Mo ti kun yàrá sílẹ̀ fún yín."

Bàbá ò yíjú kúrò lára ògiri.

"Wendell, ṣé wọ́n ń gbọ́ mi? Ojú omi lo máa wà títí di oṣù Karùn-ún. Ìyàwó yẹn ò tíì mọ ibi tí ṣíbí wà nínú ilé. Ẹ ò lè gbé àgbàlagbà lé e lọ́wọ́."

Bóyá wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Bóyá wọ́n mọ̀.

Láti oṣù Kẹrin tí ojú Bàbá ti kú tán, tí wọ́n sì ti gbé ọkọ̀ fún Wendell, báyìí ni wọ́n ṣe ń jókòó. Nígbà tí a ń fọ abọ́, Wendell rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ, Marnie. Nílùú ńlá yẹn, ta ni wọ́n mọ̀? Ibẹ̀ ni wọ́n máa kú sí."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Máa bá wọn sọ̀rọ̀."

Èmi. Èmi tí mi ò lè ní kí wọ́n na iyọ̀ sí mi nílé àwọn òbí mi gan-an. Ṣùgbọ́n mo ní màá gbìyànjú. Inú ilé ni mo bá wọn, èmi ni mo dé gbẹ̀yìn. Kò yẹ kó jẹ́ pé èmi dé, àwọn jáde.

Ọjọ́ Ajé, 25

Afẹ́fẹ́ gbà. Òtútù ń gé ènìyàn létí. Gbogbo erékùṣù ti wà ní èbúté kí ilẹ̀ tó mọ́, pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná lórí wọn. Mo juwọ́ títí apá fi ro mí.

Nígbà tí mo délé, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

"Ṣé ọkọ̀ Wendell ló jáde ṣe ìkejì?"

"Ìkẹta ni, Bàbá."

"A jẹ́ pé ọkọ̀ Stillman ló ṣíwájú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń wúkọ́."

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí wọ́n ti bá mi sọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn. Mo kàn ti fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, 28

Òjò àti afẹ́fẹ́. Lánàá, yàtọ̀ sí tíì, kò sí ohun tó kan Bàbá lẹ́nu. Mo ti sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tán. Mo sọ fún wọn pé bọ́tà tún ti wọ́n sí i. Wọ́n ní, "Hẹn."

Nígbà tí ilé dákẹ́ jù, mo tan ẹ̀rọ géèmù Wendell. Géèmù kan wà níbẹ̀ tí mo fi ta á lọ́rẹ nígbà ọjọ́ ìbí rẹ̀ tí kò ráàyè fọwọ́ kàn, Agogo Etíkun ni wọ́n ń pè é. Tọkọtaya kan ní Winnipeg ló ṣe é nínú ilé wọn, àwọn méjì péré. Èmi kì í sábà ta géèmù tó ní ìtàn, torí ìwé pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé mi ò jìnnà, kí n tó ka ìlà kan tán, ẹranko ti pa mí. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń sọ gbogbo rẹ̀, ohùn rẹ̀ há bí ẹni tó ti ń ké pe ọkọ̀ láti etí òkun láti kékeré.

Ọmọbìnrin kan sùn sórí iyanrìn. Mo tẹ bọ́tìnì, ó dìde. Ìyá náà ní: "Ọmọ náà jí. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló ní. Òkun ti gba ìkejì, ó sì ń ronú lórí èyí tó kù."

Mo rìn sápá òsì, ó ní ó ń lọ sápá òsì. Mo gbá àgbá kan pẹ̀lú àjẹ̀, ó ní: "Ó lu àgbá. Àgbá ò ṣẹ̀ ẹ́." Ara mi ya gágá. Kò sí ẹni tó tíì fiyè sí ohun tí mò ń ṣe tó báyẹn rí. Mo rọra dín ohùn rẹ̀ kù kí ó má di Bàbá lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni Bàbá yíjú kúrò lára ògiri.

"Ìyàwó, àlejò wà nílé, o ò sọ fún mi. Ẹ jókòó o, ìyá. Ṣé ó ti fún yín ní tíì?"

Ọwọ́ mi kú sórí páàdì tí mo fi ń darí géèmù. Torí pé mi ò rìn mọ́, ìyá náà ní: "Ó dúró. Ó dà bíi pé ọkọ̀ akérò ló ń dúró dè."

"Ọkọ̀ akérò kì í dé ibí, ìyá," ni Bàbá wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ gbọ̀n mí. Mo ní, "Inú tẹlifíṣọ̀n ni, Bàbá. Géèmù ni." Mo rò pé mo ti kó ìtìjú bá wọn. Mo ti fẹ́ pa á.

"Jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Bàbá jẹ búrẹ́dì kan àti ẹyin. Wọ́n béèrè bóyá ìyá yẹn ń bọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejìlá

Ìwé, jẹ́ kí n sọ fún ọ bí géèmù yìí ṣe dùn tó, torí Wendell ti sùn kí n tó dé ìdajì àlàyé.

Àwọn ènìyàn etíkun kan ti sọnù sójú òkun. Ọmọbìnrin yìí ń wa ọkọ̀ kékeré láti erékùṣù dé erékùṣù, ó ń tan iná ilé ìmọ́lẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè débi agogo ńlá kan kó sì lù ú, kí àwọn tó sọnù lè gbọ́ ọ̀nà ilé. Ó ní àjẹ̀, ó ní ọ̀kọ̀ ẹja, ó ní àwọ̀n tó lè jù bo ẹranko. Ìjà rẹ̀ yá púpọ̀. O ò lè dúró kan. O ní láti fò, kí o yí, kí o gún, kí o tún fò. Bí o bá tan ilé ìmọ́lẹ̀ kan, wọ́n á ní kí o yan ọ̀kan: kí apá rẹ le sí i, tàbí kí ẹsẹ̀ rẹ yá sí i. Bàbá ló ń yan. Apá ni wọ́n máa ń mú.

Ohun tí mi ò lérò nìyí: etí Bàbá ju ojú mi lọ. Ẹranko inú géèmù náà ń dún kí ó tó yọ. Bàbá jókòó láàárín àpótí ohùn méjèèjì, wọ́n ní, "Òsì, ìyàwó. Òsì. Ó ti wà lẹ́yìn rẹ. Kí lò ń wò?" Bí mo bá fẹ́ kúrò ní erékùṣù, Bàbá ní dandan ni kí n kọ́kọ́ yí ọkọ̀ náà bá ọ̀nà tí oòrùn ń gbà, torí èèwọ̀ apẹja ni láti yí i lódì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ erékùṣù yìí ni èmi náà.

Bàbá sì ń bá ìyá náà jà. Lónìí mo ṣubú sómi ní ìgbà mélòó kan léraléra. Ìyá náà ní: "Ó tún bọ́ sómi. Ẹ má bínú sí i, ó fẹ́ràn ibẹ̀ ni."

"Ọmọ náà ń gbìyànjú," ni Bàbá dáhùn. "Ìwọ tó o jókòó, kí lo ti ṣe láti àárọ̀?"

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo tún bọ́ sómi.

Ọjọ́bọ̀, 5

Wendell wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ń rùn bí ìdẹ. Owó lọ́bísítà ti gun òkè díẹ̀ sí i ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń fọn fèrè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀, ó ń wò wá.

"Ta ló ń ṣe ọ̀gá ọkọ̀ níbí?"

"Èmi ni," ni Bàbá wí. "Ìyàwó rẹ ni atukọ̀. Ó ń fò jù, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ràn."

Wendell wò mí lókè orí bàbá rẹ̀. Mi ò lè kọ bó ṣe wò mí.

Màmá Verna tó wà lódìkejì ọ̀nà wá yá ìyẹ̀fun. Wọ́n rí páàdì lọ́wọ́ mi. "Ìyàwó tuntun, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí báyìí? Nígbà tèmi, ìbọ̀wọ́ la máa ń hun fún ọkọ." Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Bàbá ló ní, "Verna, jókòó tàbí kí o lọ. Alákàn ń bọ̀." Wọ́n jókòó. Ìyẹ̀fun náà wà lórí itan wọn títí oúnjẹ alẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 9

Wàhálà dé.

A ti dé erékùṣù kẹta. Ọkọ̀ ńlá kan ti rì síbẹ̀, ìdajì rẹ̀ wà lókè omi. Ìyá náà ní: "Àwọn tó ni ọkọ̀ yìí gbọ́n. Wọ́n gbẹ́ àwòrán ọ̀nà àárín àpáta sí abẹ́ ìdérí ihò ọkọ̀. Kí ọmọ náà yí ìdérí náà dojúdé, yóò rí i."

Kò sí ọmọ erékùṣù yìí tí kò mọ̀ pé bí a bá yí ìdérí ihò tí a ń kó ẹja sí nínú ọkọ̀ dojúdé, ọkọ̀ tó wà lójú omi á dojúdé.

"Kí ló ní kó ṣe?"

"Kó yí ìdérí ihò ọkọ̀ dojúdé, Bàbá."

"Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀."

"Géèmù ni, Bàbá," ni mo wí, ṣùgbọ́n mo ti gbé ọwọ́ kúrò.

"Ọmọ mi wà lójú omi. Kò sí ẹni tó máa yí ìdérí ihò ọkọ̀ dojúdé nínú ilé yìí, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n yà sára ìwé."

Mo gbé ọmọbìnrin náà jìnnà sí ìdérí náà. Ìyá náà ò yé sọ̀rọ̀: "Ó ń wo ìdérí náà. Ó ṣì ń wò ó. Mo ti dàgbà sí i láti ìgbà tó ti ń wò ó."

"Máa dàgbà lọ," ni Bàbá wí.

Ọjọ́rú, 11

Mo rò pé Wendell á rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ fún un nígbà tó ń jẹ ọbẹ̀ ẹja. Ṣíbí rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà.

"Ẹ ò yí i, àbí?"

"A ò yí i."

"Ó dáa." Ó jẹun díẹ̀ sí i. "Ibo lo ní wọ́n ti ṣe géèmù yìí?"

"Winnipeg."

"Mo mọ̀. Níbi tí wọ́n ò ti rí òkun rí."

Màmá Verna náà ní bí mo bá yí i, àwọn ò ní í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé, torí Colby ọmọ wọn wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú Stillman. Ẹni tó ń bú mi nítorí géèmù lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

A gbìyànjú láti kọjá láìrí àwòrán náà. Kò ṣeé ṣe. Àpáta ń fọ́ ọkọ̀ wa, alákàn ńlá kan sì wà ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ tó tóbi ju ilé ìjọsìn lọ. Ó pa mí títí ìka mi fi gbóná. Ìyá náà ní: "Ọ̀nà mìíràn wà. Kò fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ràn alákàn."

Bàbá ò dá a lóhùn lónìí. Oúnjẹ wọn ṣẹ́kù sínú abọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, mo rí i pé wọ́n ti yí àga padà díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ògiri.

Ọjọ́ Àǹtí Glenda ń sún mọ́lé, géèmù yìí nìkan ni ohun tí mo ní lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Ayọ̀ ni mo fi ń sáré kọ èyí, má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Bóyá mi ò ní í lè sọ ọ́ tán.

Láti àárọ̀ ni rédíò ti ń kìlọ̀ pé ìjì ńlá ń bọ̀, kí gbogbo ọkọ̀ wọlé. Bàbá ṣí fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n dúró tì í pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì léjìká. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ní, "Wendell ti wọlé." Mo gbọ́, mo dúpẹ́.

Mo ní, "Bàbá, bí Wendell bá ti wà nílẹ̀, ṣé a lè..."

"Wendell nìkan kọ́. Ọmọ ẹlòmíràn wà níta. Bí gbogbo ọkọ̀ bá wọlé, tí wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀, a lè yí i nígbà yẹn. Kò sí ẹni tó máa kú torí ẹ̀." Wọ́n fetí sílẹ̀ sí i. "Mi ò lè gbọ́ dáadáa láti ibí, afẹ́fẹ́ ti yí. Mú ẹ̀wù mi wá."

Bàbá ò tíì fẹsẹ̀ kan ìta láti oṣù Kẹrin. Mo mú ẹ̀wù wá kíá kí wọ́n má baà yí ọkàn padà. Wọ́n di apá mi mú, yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò, a rìn lọ sí èbúté. Wọn ò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo kọsẹ̀.

Nínú ilé igi tó wà létí èbúté, àwọn ọkùnrin yí sítóòfù ká. Nígbà tí a wọlé, gbogbo wọn dìde. Wendell wò mí bíi pé mo gbé òkè wá.

"Ọkọ̀ mélòó ló kù?" ni Bàbá béèrè.

"Stillman nìkan, sà," ni ọ̀kan wí. "Ó ń bọ̀, ó ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò."

"A ó dúró dè é."

"Ẹ̀yin àti ìyàwó? Kí ló dé?"

Bàbá sì sọ ọ́ fún wọn, bó ṣe rí gan-an: géèmù, ìyá àgbà, ọkọ̀ tó rì, ìdérí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Harris mi orí.

"Ó tọ́. Kí ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀?"

"A ò tíì mọ̀," ni Bàbá wí. "Ìdí tí a fi wà níbí nìyẹn."

Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó fẹ́ lọ sílé mọ́. Harris gbé òwú àwọ̀n àti abẹ́rẹ́ igi lé Bàbá lórí itan. "Ojú ti kú, sà. Ọwọ́ ńkọ́?" Bàbá fọwọ́ pa òwú náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun ọrùn ìgèrè, ẹnu àwọ̀n tí lọ́bísítà ń gbà wọlé. Ìka wọn ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n ń hun, wọ́n ń bá àwọn ọkùnrin náà jiyàn lórí ibi tí ẹja kọ́ọ̀dù ń wà láyé àtijọ́. Wendell jáde síta fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní yìnyín ló kó sí i.

Bàbá ló kọ́kọ́ gbọ́ Stillman. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwa tó kù tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà, tó ń wúkọ́ bọ̀ nínú ìjì. Colby ju okùn, wọ́n so ọkọ̀ náà, Bàbá fọwọ́ kan okùn náà fúnra wọn.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "jẹ́ ká lọ yí ìdérí wa."

Àwọn ọkùnrin náà tẹ̀ lé wa. Bàtà rọ́bà kún pálọ̀ mi, omi ń dà sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Màmá Verna wọlé tẹ̀ lé wọn, wọn ò yá nǹkankan. Gbogbo wọn dúró lẹ́yìn mi, èmi tí ojú máa ń tì láti kọrin ní ilé ìjọsìn. Mo gbé ọmọbìnrin náà dé ẹ̀gbẹ́ ìdérí. Mo tẹ bọ́tìnì náà.

Ìdérí náà yí, ó dún gbàù lórí ọkọ̀. Àwòrán ọ̀nà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń tàn.

"Ó yí i," ni ìyá inú géèmù wí. "Lẹ́yìn tí mo ti sọ̀rètí nù."

"Gbogbo ọkọ̀ ti wọlé, ìyá," ni Bàbá dáhùn. "O lè sùn nísinsìnyí."

Stillman tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ níbi tó ti fẹ́ rí àwòrán náà dáadáa. Ó ní ọ̀nà náà jọ ti ìhà ìwọ̀ oòrùn erékùṣù wa, Harris ní kò jọ ọ́, ìjà bẹ̀rẹ̀. Mo wa ọkọ̀ gba àárín àpáta. Alákàn yọ. "Ọ̀tún," ni Bàbá wí. "Ó ń gbé èékánná. Fò. Ju àwọ̀n." Mo fò, mo ju àwọ̀n, mo gún un. Gbogbo wọn ń bá mi tẹ orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí alákàn náà wó, ilé mì. Màmá Verna lu mí lẹ́yìn débi pé páàdì bọ́.

Ìjì ń ja fèrèsé. Bàbá ní ebi ń pa àwọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Harris gbé àpò òwú méjì wá. Ó ní ọrùn ìgèrè púpọ̀ ló máa fọ́ lẹ́yìn ìjì yìí, àwọn ọ̀dọ́ ò sì mọ̀ ọ́n hun dáadáa. Òwú wà lórí gbogbo àga báyìí. Mo jókòó lé abẹ́rẹ́ kan.

Ọjọ́rú, 25

Kérésìmesì. Wendell wà nílé ní gbogbo ọjọ́. Bàbá jẹ abọ́ kan, wọ́n tún na abọ́ náà sí mi. Àǹtí Glenda pè. Wọ́n ní àpótí ti wà nínú ọkọ̀ àwọn. Wendell fẹ́ ṣàlàyé. Bàbá ní, "Jẹ́ kó wá wò ó."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31

A parí ẹ̀.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọmọbìnrin náà gun ilé agogo, afẹ́fẹ́ ń gbé e, ẹranko ò sí mọ́, ìyá náà nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ń rọ̀. Mo lu agogo náà. Àwọn tó sọnù ń jáde láti inú kùrukùru lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá náà ń pe orúkọ wọn. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ó ní: "Mo sì wọ bàtà ẹsẹ̀ kan mi lọ sílé."

Òun ni. Òun ni ọmọbìnrin náà. Ara rẹ̀ ló ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irun ara mi dìde. Mo yíjú sí Bàbá pẹ̀lú omijé.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n ń hun. "Kò sí ẹni tó lè bú ọmọ yẹn tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe òun fúnra ẹ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé ó ṣeé tún bẹ̀rẹ̀?"

Ó ṣeé ṣe. Ìyá náà ní ọ̀rọ̀ tuntun tó máa ń sọ bí o bá tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni: "Ẹ̀yin yìí náà? Mo rò pé ẹ ti lọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kìíní

Àǹtí Glenda dé lọ́sàn-án. Àpótí méjì òfìfo àti ìrọ̀rí tuntun wà lẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Bàbá ń hun òwú níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ń lu àgbá lọ́wọ́. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá?"

"Glenda, bọ́ bàtà. Kí ló dé tí mọ́tò rẹ ń dún bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ."

Wọ́n wo abọ́ tó mọ́ tónítóní, wọ́n wo òwú, wọ́n wo Wendell tó dúró gbọn-in bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n jókòó. Wọ́n gbọ́ bí Bàbá ṣe ń bá ìyá inú géèmù jà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó dáa. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí géèmù yìí bá parí ńkọ́?"

"Ó parí ní Ìṣẹ́gun," ni Bàbá wí. "A tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá yìí rò pé òun ti borí."

"Bàbá, mi ò ṣeré." Wọ́n yíjú sí mi. "Marnie, wò mí lójú. Ṣé ìwọ fúnra ẹ lo fẹ́ kí wọ́n wà níbí, àbí Wendell ló gbé wọn lé ọ lọ́wọ́? Bó pẹ́ bó yá, wàá bímọ, méjì lo máa rù. Sọ òótọ́, mi ò ní í bínú."

Wendell la ẹnu. Àǹtí gbé ìka sókè sí i, ó pa á dé.

Mo wo ilẹ̀. Nígbà náà ni mo rí ọwọ́ Bàbá. Abẹ́rẹ́ ti dúró láàárín òwú, ìka wọn ò mira. Wọ́n ń dúró de ohun tí mo máa sọ. Ó yé mi lójijì pé láti oṣù Kẹrin, ìbéèrè bóyá ẹnì kan ṣì fẹ́ wọn nílé ni ohun tí wọ́n kọjú sí lára ògiri yẹn, kì í ṣe òkùnkùn.

Ohùn mi kọ́kọ́ sá. Mo lọ mú un padà.

"Mo fẹ́ kí wọ́n wà," ni mo wí. "Kì í ṣe torí Wendell. Bí Wendell bá jáde, ilé yìí máa ń tóbi jù mí lọ. Àwọn ni wọ́n máa ń sọ fún mi pé ọkọ mi ti ń bọ̀, kí n tó rí iná ọkọ̀ ẹ̀. Mi ò gbé wọn rù, Àǹtí. Bí ẹ bá mú wọn lọ, èmi ni màá kọjú sí ògiri."

Mi ò tíì sọ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí níwájú ènìyàn mẹ́ta. Etí mi gbóná. Ìyá inú géèmù ní, "Ó dúró," mo sì tẹ bọ́tìnì kó dákẹ́.

Abẹ́rẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà.

"Glenda," ni Bàbá wí, "yàrá tí o kùn yẹn, àwọ̀ wo ni?"

"Àwọ̀ ewé, Bàbá."

"Ó dáa. Màá wá sùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan bí ìgbà ìgèrè bá parí. Ìyàwó máa mú mi wá. Kò tíì rí Halifax dáadáa."

Àǹtí Glenda bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún fún ìgbà pípẹ́ ju bó ṣe dọ̀tí lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Gbé páàdì yẹn wá. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ta géèmù gbẹ̀yìn."

Kíákíá ni wọ́n bọ́ sómi. Ìyá náà ò sì dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 5

Àǹtí lọ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n fi ìrọ̀rí tuntun náà sílẹ̀ fún Bàbá, wọ́n kó àpótí òfìfo lọ. Wọ́n dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí èmi fúnra mi máa pe àwọn, kó má jẹ́ Wendell.

Ọjọ́ Ajé, 6

Òtútù mú gidigidi, afẹ́fẹ́ rọ̀. Wendell ti jáde. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti gbé tíì kaná, Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wọ bàtà, àpò òwú tí a ń gbé lọ sí èbúté wà ní èjìká wọn.

"O pẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì na apá sí mi.